Irú ìforúkọsílẹ̀ wo ni ó yẹ ẹgbẹ́ àwa onígàrí tí a tún ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́?

Akọ̀wé Onígàrí (Ìkọ̀lé)

Ẹ̀yin Èkìtì kete, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín kí ẹ bá mi kà á tán, nítorí ìpàdé tí a ó ti fẹnu ọ̀rọ̀ náà jóná ku ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Obìnrin mẹ́tàdínlógún ni wá, tí a jọ ń yan gàrí ní agbègbè Ìkọ̀lé. Ọdún kẹta rèé. Owó èésú ni a fi ra ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́, ọmọ ìlú kan ni ó sì fi jáàkì méjì tí a fi ń fún omi rẹ̀ ta wá lọ́rẹ. Ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti ya ni mo fi ń ṣe àkọsílẹ̀: iye àpò ẹ̀gẹ́ tí olúkúlùkù gbé wá, iye kóńgò gàrí tí ó jáde níbẹ̀, àti iye tí a tà á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, a ó jókòó sábẹ́ páànù, a ó yọ owó epo ẹ̀rọ àti ti igi ìdáná sẹ́yìn, a ó fi díẹ̀ pamọ́ fún àtúnṣe, a ó sì pín ìyókù bí iṣẹ́ olúkúlùkù bá ti pọ̀ tó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti ń gba àwọn ọmọbìnrin tí wọn kò rí ilé-ìwé parí mọ́ra. A ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà, a sì ń kọ́ wọn bí a ti ń ṣírò owó tí a ná àti èyí tí ó wọlé, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí wọn. Mẹ́fà ni ó wà lọ́dọ̀ wa báyìí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí ni ó jẹ mí lógún jù lọ, n kò sì fẹ́ kí ìwé tí a bá fọwọ́ sí lónìí lé wọn jáde lọ́la.

Nǹkan mẹ́ta ni ó dé lẹ́ẹ̀kan náà tí a kò fi lè máa fi ìforúkọsílẹ̀ dọ́la mọ́. Èkíní, báńkì kò gbà kí a ṣí àpò owó ní orúkọ ẹgbẹ́ láìsí ìwé ẹ̀rí, nítorí náà orúkọ èmi àti alága wa ni owó gbogbo ẹgbẹ́ wà, n kì í sì í sun àsùnwọra nítorí rẹ̀. Èkejì, àjọ aláàánú kan sọ pé òun lè ra agbada ìgbàlódé fún wa, kí òun sì máa sanwó oúnjẹ àwọn ọmọ tí a ń kọ́, bí a bá lè fi ìwé hàn pé a kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ń pín èrè. Ẹ̀kẹta, ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa tí ó wà ní Èkó fẹ́ fi owó ńlá sí iṣẹ́ náà, ó sì fẹ́ kí a kọ ìpín 40 nínú 100 sí orúkọ òun.

Ẹnì kan ní kí a forúkọ òwò sílẹ̀ nítorí pé kò wọ́n. Ẹlòmíràn ní kí a ṣe NGO, ìyẹn ẹgbẹ́ aláàánú tí kì í pín èrè, ẹlòmíràn ní kóópù, ìyẹn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Kí ni a ó fi mọ èyí tí ó bá èrò wa mu? Ṣé ìwé kan ṣoṣo sì lè gba gbogbo ohun tí a fẹ́: kí àwọn obìnrin rí nǹkan mú lọ sílé, kí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ má dáwọ́ dúró, kí ẹni tí ó bá fowó ràn wá lọ́wọ́ má sì di ọ̀gá lé wa lórí?

Elépo Ìlawẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kánjú, nítorí ìkánjú ni ó kó ẹgbẹ́ tiwa sí wàhálà tí a kò tíì bọ́ nínú rẹ̀ tán.

Àwa mọ́kànlá ni a jọ ń ṣe epo pupa. Ẹni tí ó bá wa ṣe ìwé sọ pé Incorporated Trustees ni kí a ṣe, ìyẹn ẹgbẹ́ tí àwọn alágbàtọ́ ń dúró fún, nítorí pé irú rẹ̀ ni àwọn tí ń fi owó ìrànwọ́ ránṣẹ́ láti òkè òkun máa ń béèrè. Kò bi wá léèrè bí a ti ń pín owó wa, àwa náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí a sọ ọ́. A gbé orúkọ wa sínú ìwé ìròyìn méjì, a dúró fún ọjọ́ 28 bóyá ẹnikẹ́ni ní àtakò, ìwé ẹ̀rí jáde, a sì pa adìyẹ jẹ. Báńkì tún ní kí a lọ gba ìwé ẹ̀rí SCUML, ìyẹn ẹ̀ka tí ó wà lábẹ́ àjọ EFCC tí ń ṣọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi ẹgbẹ́ bo owó ìwà ọ̀daràn mọ́lẹ̀. A gbà á.

Nígbà tí ọdún parí, ₦640,000 ṣẹ́kù lápò ẹgbẹ́. A ti ka orúkọ, a ti kọ iye tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, kí akáúntáǹtì tí a pè láti yẹ ìwé wò tó fi ìka sí ìlà kan nínú òfin ẹgbẹ́ tí àwa fúnra wa fọwọ́ sí, ó ní kí n kà á sókè. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìkan ni a lè ná owó tí ó bá wọlé sí, a kò sì gbọdọ̀ pín in fún ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí èrè lọ́nàkọnà. Mo kà á tán, kò sí ẹni tí ó fọhùn. Ìyá kan tí ó ti ń bá wa gún ẹyìn láti ọjọ́ kìíní mú ìwé tí a kọ orúkọ sí náà, ó ká a, ó fi sábẹ́ itan rẹ̀, ó ní òun kò ní í dìde níbẹ̀ títí a ó fi sọ ẹni tí ó ni òógùn òun fún òun.

Òfin fàyè gba owó iṣẹ́ tí ó mọ níwọ̀n fún òṣìṣẹ́ tí ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń darí ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ di ipò tí a ń san owó oṣù fún mú. Alága wa gan-an ni ó mọ ẹ̀rọ náà í lò, nítorí náà ó ní láti yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí a bá sì tú ẹgbẹ́ ká, ohun tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn gbèsè kò lè padà sọ́wọ́ wa. Ẹgbẹ́ mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ tiwa ni yóò lọ bá. N kò sọ pé òfin náà burú. Fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé fún àwọn ọmọ aláìlóbìí, ó dára púpọ̀, nítorí pé kò ní í sí ẹni tí yóò lè ta ilé náà kí ó kó owó rẹ̀ jẹ. Àwa tí a ń fi iṣẹ́ náà jẹun ni kò bá mu.

Bàbá Alájẹṣẹ́kù (Adó)

Akọ̀wé, ọmọ mi, o kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Iṣẹ́ àbójútó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì sọ èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ ibi tí mo dúró sí. Ohun tí ẹ̀ ń ṣe lábẹ́ páànù yẹn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Ìwé nìkan ni kò tíì ní. Àwọn baba wa ti ń ṣe àáró, wọ́n ti ń bẹ ọ̀wẹ̀, wọ́n ti ń dá èésú kí òfin àkọ́kọ́ lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó dé Nàìjíríà ní 1935, lẹ́yìn tí Strickland, tí ìjọba amúnisìn ní kí ó wá ṣe ìwádìí, ti kọ àbọ̀ rẹ̀ ní 1934. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ṣe ohun gidi ní ilẹ̀ Yorùbá: wọ́n kó kòkó wọn pọ̀ tà, kí àwọn agbódegbà má baà rẹ́ wọn jẹ lórí òṣùwọ̀n.

Òfin ti 1993 ni a ń lò báyìí. Ènìyàn mẹ́wàá ni ó kéré jù tí ó lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ sì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ Olùdarí ọ̀rọ̀ alájẹṣẹ́kù ní ìpínlẹ̀ ni ẹ ó ti forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ ó mú òfin ẹgbẹ́ yín dání pẹ̀lú ìwádìí tí ó fi hàn pé iṣẹ́ náà lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ìbò kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan náírà ni ó fi sílẹ̀ tàbí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ ní ju ìdá kan nínú márùn-ún owó ìpín ẹgbẹ́ lọ, nítorí náà òfin fúnra rẹ̀ ti bá yín dá ẹ̀gbọ́n Èkó lóhùn lórí ìpín 40 tí ó ń béèrè. Bí ó bá jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni ó wà lọ́kàn rẹ̀ lóòótọ́, ẹ gba owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gbèsè, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó san án àti èlé orí rẹ̀ sílẹ̀, ní ìwọ̀n tí òfin ẹgbẹ́ yín bá fàyè gbà.

Ní ti èrè, ẹ ó kọ́kọ́ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sọ́tọ̀ sínú àpò ìpamọ́ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ẹ lè pín nínú ìyókù bí iṣẹ́ tí olúkúlùkù gbé wá bá ti tó. Ìwé tí èèpo rẹ̀ ya tí ó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn ni ìpìlẹ̀ ìpín bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi, wá nǹkan fi bò ó lẹ́yìn, má sì jẹ́ kí ó sọnù.

Àwọn ọmọ tí ẹ̀ ń kọ́ náà ní ààyè nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé apá báyìí nínú èrè ọdọọdún jẹ́ ti ẹ̀kọ́ wọn, kí ọmọ tí ó bá kọ́ṣẹ́ tán sì lè di ọmọ ẹgbẹ́ nígbà tí ó bá dàgbà tó. Ní Ítálì, Òfin 381 ti ọdún 1991 dìídì dá irú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀ fún gbígba àwọn tí ayé ti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan síṣẹ́, ó sì kéré tán 30 nínú 100 òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú wọn. Àwa kò ní òfin bẹ́ẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ní kí ẹ má fi ọwọ́ ara yín kọ tiyín.

N kò ní í fi àléébù rẹ̀ pa mọ́. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ pé owó yíyá nìkan ni wọ́n torí rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, tí wọn kò sì tún pàdé mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n pín in. Mo ti rí akọ̀wé tí ó kó ìwé ẹgbẹ́ lọ sí ìyẹ̀wù rẹ̀ tí ó sì tì í pa. Ọdọọdún ni ó yẹ kí a yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò; bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fo ọdún kan, ẹ má gbà fún un.

Amòfin Ọmọ Ìjerò

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Bàbá, mo sì fẹ́ tọrọ àforíjì nítorí ibì kan wà tí ohùn wa kò ti dọ́gba.

Ẹ̀gbọ́n mi Akọ̀wé, ẹ gbé orúkọ gbogbo àwọn ìwé wọ̀nyí tì ná, kí ẹ bi ara yín pé: ta ni yóò jẹ èrè, ta ni yóò máa pàṣẹ, ta ni yóò sì ni ẹ̀rọ àti agbada bí iṣẹ́ náà bá parí? Ẹgbẹ́ tí kò bá tíì dáhùn wọ̀nyí, kò sí ìwé tí mo lè bá a ṣe tí kò ní í padà di ẹjọ́. Mo ń sọ èyí nítorí pé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú èyí tí ó ń dé iwájú mi, tí àwọn tí wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan náà á wá máa wo ara wọn bí ọ̀tá.

Orúkọ òwò ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú kúrò. Kò wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ẹgbẹ́ di ẹni tí ó lè dá dúró lójú òfin. Bí gbèsè bá dé, orí ẹ̀yin tí ẹ forúkọ sílẹ̀ ni yóò jókòó sí.

Ilé-iṣẹ́ onípìn-ín, èyí tí a fi Limited parí orúkọ rẹ̀, ni ẹ̀gbọ́n Èkó ń fẹ́. Láti ìgbà tí òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020, tí a ń pè ní CAMA, ti dé, ènìyàn kan ṣoṣo lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀, ìpín tí ó jẹ́ ₦100,000 sì ni ó kéré jù fún èyí tí ó jẹ́ ti aládàáni. Ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ kí olówó fi owó sí i kí ó sì rí èrè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí agbára ti ń rìn nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ju ìdajì ìbò lọ lè yọ olùdarí nípò. Kí a tó lè yí òfin ilé-iṣẹ́ padà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìpín 40 ti tó fún un láti dá ìyípadà tí ẹ bá fẹ́ dúró. Bí obìnrin mẹ́ta tí owó ilé-ìwé ọmọ ká mọ́ bá sì ta ìpín wọn fún un ní oṣù kẹsàn-án, ó lè di ẹni tí ó ní ju ìdajì lọ kí ọdún tó parí. CAMA sọ pé kí olùdarí máa ro ohun tí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ń ṣe sí àyíká àwùjọ tí ó wà, àmọ́ kí ó máa rò ó kò ní kí ó tọ́jú ọmọ mẹ́fà yín.

Èyí tí a ń pè ní Limited by Guarantee kò ní ìpín rárá. Ó lè ṣòwò, ó lè ní òṣìṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni èrè gbọ́dọ̀ padà sí. Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, òfin 2020 sì fún un ní 30 ọjọ́ láti fèsì. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò ṣe ìlérí owó tí àpapọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ₦100,000 bí ilé-iṣẹ́ bá di títú. Bí wọ́n bá fi ń ṣòwò láti pín èrè, gbèsè ilé-iṣẹ́ lè bọ́ sí ọrùn gbogbo ẹni tí ó mọ̀ sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹgbẹ́ aláàánú kì í san owó-orí: ìdásílẹ̀ tí òfin fún iṣẹ́ àánú kò kan èrè tí ó bá ti inú òwò wá.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí Bàbá rèé. Ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá kọ sínú òfin wọn, ìbò wọn náà lè pa á rẹ́. Ọdún mẹ́wàá sí i, àwọn obìnrin mìíràn lè wà lábẹ́ páànù yẹn tí wọn yóò sọ pé kí ni àwọn ń bọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún, àwọn ọmọ náà kò sì ní ìbò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2005, wọ́n ti ní irú ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Community Interest Company, tí òfin ti ohun-ìní rẹ̀ mọ́ àǹfààní àwùjọ, tí ó jẹ́ pé èyí tí ó ní ìpín nínú wọn kò lè pín ju 35 nínú 100 èrè tí ó ṣeé pín lọ. Ó wù mí kí àwọn aṣòfin wa ronú sí irú rẹ̀, nítorí àárín ìjẹun àti àánú gan-an ni irú ẹgbẹ́ yín wà, CAMA kò sì ní ilé kan pàtó fún un.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ méjì ni mo rí níwájú yín. Gàrí wà lábẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wà lábẹ́ Limited by Guarantee tàbí Incorporated Trustees kékeré kan. Ìwé àdéhùn yóò wà láàárín wọn tí yóò sọ iye tí alájẹṣẹ́kù yóò máa san lọ́dọọdún. Agbada tí àjọ aláàánú bá rà yóò jẹ́ ti ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́, ẹ̀yin yóò sì máa yá a lò ní iye tí a kọ sílẹ̀. Àmọ́ ìwé ìṣirò méjì ni èyí túmọ̀ sí, àti àbọ̀ ọdọọdún méjì. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà tí kò bá sí ẹni tí yóò máa kọ ọ́.

Ẹlẹ́pà Ọ̀yẹ́

Ìbéèrè kan ni tèmi, ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ tí páànù yẹn wà lórí rẹ̀, ta ni ó ni ín? Àwa forúkọ sílẹ̀ dáadáa, ìwé pé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ìyá kan fi yọ̀ǹda ilẹ̀ fún wa. Ìyá náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí a kó ẹ̀rọ wa. Risíìtì ẹ̀rọ náà sì wà ní orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wa.

Akọ̀wé Onígàrí (Ìkọ̀lé)

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún àwọn obìnrin wa lánàá, nígbà tí a ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ìyá tí ó fi ìwé sábẹ́ itan, gbogbo wọn gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Ẹni tí ó dàgbà jù nínú wa ni ó béèrè pé, "Bí a bá túká, ta ni yóò gbé jáàkì lọ?" A kò sì ní ìdáhùn, bí a ti jọ wà papọ̀ fún ọdún mẹ́ta tó.

Ẹnu wa ti kò báyìí pé alájẹṣẹ́kù ni a ó fi gàrí ṣe. Mo bá ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Èkó sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo sì sọ ọ̀rọ̀ ìdá kan nínú márùn-ún fún un. Inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn, ṣùgbọ́n lálẹ́ ó pè padà pé òun yóò yá wa ní ìlàjì owó náà, kí a san án láàárín ọdún méjì. Ní ti àwọn ọmọ, a kò tíì ní agbára ẹgbẹ́ méjì. A ó kọ ìpín wọn sínú òfin alájẹṣẹ́kù ná, a ó sì sọ fún àjọ aláàánú náà ní gbangba pé ẹgbẹ́ tí ń pín èrè ni wá, kí a gbọ́ bóyá wọ́n lè dúró dè wá di ọdún tí ń bọ̀, tí a ó fi dá ti ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Bí wọn kò bá lè dúró, a ó máa lo agbada tí a ní.

Ẹlẹ́pà Ọ̀yẹ́, ìbéèrè yín ni ó lé oorun dànù lójú mi. Ìdílé alága wa ni ó ni ilẹ̀ náà, a kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. A ti ránṣẹ́ sí baálé wọn fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá dé, èmi àti alága yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Adó láti lọ gba fọ́ọ̀mù. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé orúkọ gbogbo àwa mẹ́tàdínlógún ni ó gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé ìbéèrè náà, tàbí ti àwọn olóyè ẹgbẹ́ nìkan? Mẹ́rin nínú wa ni kò lè kọ orúkọ ara wọn, n kò sì fẹ́ kí ìwé náà dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni láìní àmì ọwọ́ wọn nínú.